Ṣé kí n ra Rolex ọ̀rẹ́ mi?

Ẹ̀yin ará, owó ilé ìwé ọmọ ló fún ọ̀rẹ́ mi lọ́rùn, ló bá ní kí n ra aago Rolex Datejust òun, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 16233, onírin àti wúrà. Kò ní páálí, kò ní ìwé. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ gan-an (serial number) wà lábẹ́ ẹ̀wọ̀n, níbi 6 ojú aago. Àfi ká tú ẹ̀wọ̀n ká tó rí i. Báwo ni mo ṣe máa ní kí ẹni tó ń tún aago ṣe kọ́kọ́ ṣí i wò, tí kò fi ní dà bíi pé mo pe ọ̀rẹ́ mi lólè? Tówó bá sì dé lọ́la ńkọ́, tó ní kí n dá a padà? Àbí kí n kúkú yá a lówó, kí n gba aago ní ìdógò? Ìyàwó mi ní kí n má dá sí i, ṣùgbọ́n aago ọ̀hún wù mí o.