Ìmọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́: níbo ni kí ọmọ mi kọ̀wé sí ṣáájú November 1?

Màmá Houston
Ẹ kú ilé o. Ọmọbìnrin mi wà ní kíláàsì 12 ní Houston níbí, bioengineering (ìmọ̀ ẹ̀rọ fún ìlera) ló fẹ́ kà. Yunifásítì Rice ló wà lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́ mi ní Medical Center. Káńsẹ́lọ̀ ilé ìwé rẹ̀ ní kó ṣe Early Decision síbẹ̀, ìyẹn kó kọ̀wé ṣáájú November 1. Bàbá rẹ̀ ní UT Austin, yunifásítì ìjọba Texas, ló tó wa. Nọ́ọ̀sì ni mí, bàbá rẹ̀ ń wakọ̀, àbúrò méjì ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí ni ká ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Maryland
Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Early Action dà bíi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́: ilé méjì ti rí ara wọn, ọmọ ṣì lè wo ibòmíràn títí di May 1. Early Decision, ìdána ni. Ẹ̀yin, ọmọ àti káńsẹ́lọ̀ lẹ máa tọwọ́ bọ̀wé. Bí wọ́n bá gbà á ní December, gbogbo fọ́ọ̀mù yòókù ló máa fà sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ìdána ní Rice ò ní kó má ṣe Early Action sí UT. 2024 ni UT bẹ̀rẹ̀ tiwọn, October 15 ló ń parí, nítorí náà UT ló máa kọ́kọ́ lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Owó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọmọkùnrin mi ṣe Early Decision sí ilé ìwé kan. Wọ́n gbà á, a jó. Nígbà tí a wo owó ìrànwọ́, ohun tó kù fún wa láti san ju agbára wa lọ fíìfíì. Wọ́n ti ka ilé tí mò ń kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde mọ́ ohun ìní wa. A kọ lẹ́tà, wọn ò fi kún un. Wọ́n tú u sílẹ̀, kò sí ìjìyà kankan, ṣùgbọ́n ọmọ mi ò jẹun dáadáa ní gbogbo ọjọ́ yẹn, àwọn fọ́ọ̀mù January sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ọ̀pọ̀ jù lọ yunifásítì ibí ló ní net price calculator lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń ṣírò iye tí ẹbí máa san lẹ́yìn owó ìrànwọ́, òfin ló sọ ọ́ di dandan láti 2011. Ẹ fi owó tó ń wọlé fún yín gan-an sí i, títí kan ti iṣẹ́ alẹ́. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ nílé, ẹ má fi pamọ́, CSS Profile, fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ tí àwọn yunifásítì kan ń lò, máa béèrè.

Màmá Houston
Hà! Ilẹ̀ kan wà ní Mowe tí a ò tíì kọ́. Ẹ ṣeun gan-an.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Àǹtí mi, ẹ má fòyà. Rice dá ètò Rice Investment sílẹ̀ ní 2018. Nígbà yẹn, ẹbí tí owó wọn wà láàárín 65,000 sí 130,000 dọ́là lọ́dún kò ní san owó ẹ̀kọ́ rárá. Ẹni tó kéré sí 65,000 kò ní san ti ilé àti oúnjẹ náà. Wọ́n ti gbé e sókè láti ìgbà náà, ẹ wo ti ọdún yìí. Fún nọ́ọ̀sì àti awakọ̀, Rice lè dínwó ju UT lọ.

Bàbá rẹ̀ náà rí nǹkan sọ. Bí ọmọ bá wà nínú ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣíwájú kíláàsì rẹ̀, òfin Texas ní kí UT gbà á (6 ni tẹ́lẹ̀). Àmọ́ yunifásítì ni òfin yẹn fún un, kò fún un ní Engineering.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì
Mo kí ẹ̀yin àgbà o. Wọ́n á sọ pé Early Decision máa ń gba èèyàn ju ìgbà yòókù lọ. Òótọ́ ni ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n àwọn eléré ìdárayá tí kóòṣì ti yàn tẹ́lẹ̀ wà nínú iye yẹn. Ibi tí mọ́mì mi fẹ́ ni mo ṣe tèmi sí. Wọ́n gbà mí, mo ń ṣe dáadáa, síbẹ̀ inú mi kì í dùn síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ jókòó nínú kíláàsì kan ní Rice kí ẹ tó tọwọ́ bọ ohunkóhun.

Màmá Houston
A ṣe calculator náà lálẹ́ àná, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a fi ilẹ̀ Mowe sí i. Ti Rice kéré ju ti UT lọ. Bàbá rẹ̀ ní ká tún un ṣe, a tún un ṣe, ohun kan náà ló jáde. Fọ́ọ̀mù UT máa lọ lọ́sẹ̀ yìí. A ò tíì tọwọ́ bọ ti Rice. Lọ́jọ́bọ̀ ni òun àti bàbá rẹ̀ máa lọ jókòó nínú kíláàsì.