Àbúrò mi ní Ọlọ́run kò lè gba òun àfi bí òun bá san gbèsè tán: kí ni kí n sọ fún un?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, ó kó owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jẹ, ó sì sá kúrò nílùú. Ní báyìí, ó ti ronú pìwà dà, ó ń wá sí ilé ìjọsìn, ó sì ti ń dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí a bá fẹ́ jẹ Ara Olúwa, ńṣe ni ó máa ń dìde jáde. Ó ní Ọlọ́run kò lè tẹ́wọ́ gba òun títí òun yóò fi san kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú àwọn tí ó jẹ lówó ti kú. Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má lọ sọ ìrètí nù. Ṣé òótọ́ ni ohun tí ó ń sọ?

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Olè orí àgbélébùú kò rí àyè san nǹkan kan padà, síbẹ̀ Jésù ṣèlérí Párádísè fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ka Lúùkù orí 23 sí i létí.

Ajíhìnrere
Ẹ má jẹ́ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Olè yẹn ń kú lọ. Àbúrò yín wà láàyè, ó sì lè ṣiṣẹ́. Nínú Mátíù orí 5, Jésù ní kí ẹni tí ó mú ẹ̀bùn wá síbi pẹpẹ, tí ó sì rántí pé arákùnrin òun ní ohun kan nínú sí òun, fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ bá a làjà.

Bàbá Alàgbà
Ajíhìnrere, mo dúpẹ́ pé ẹ kò jẹ́ kí a gbàgbé àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ìlàjà ni ẹsẹ yẹn pa láṣẹ. Kò sọ pé Ọlọ́run ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò tíì rí owó san tán. Ẹ wo Sákéù, olórí agbowó òde ní Jẹ́ríkò, nínú Lúùkù orí 19. Orí igi síkámórè ni ó wà tí Jésù fi pè é, tí ó ní òun yóò wọ̀ sí ilé rẹ̀. Lákòókò yẹn, kò tíì ṣèlérí àtidá ohunkóhun padà, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń kùn pé ilé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Jésù lọ wọ̀. Lẹ́yìn tí a ti gbà á ni ó tó dìde, tí ó ní òun yóò fi ìdajì ohun ìní òun fún tálákà, òun yóò sì san ìlọ́po mẹ́rin fún ẹnikẹ́ni tí òun bá rẹ́ jẹ.

Ẹ tún wo ọmọ onínàákúnàá nínú orí 15. Kí ó tó gbéra ni ó ti há ọ̀rọ̀ sórí: òun ti ṣẹ̀, òun kò yẹ ní ẹni à ń pè ní ọmọ mọ́, kí bàbá fi òun ṣe alágbàṣe. Nígbà tí ó délé, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé orí ọ̀rọ̀ alágbàṣe, tí bàbá fi ránṣẹ́ pe aṣọ, òrùka àti bàtà. Àbúrò yín fẹ́ wọ ilé Baba gẹ́gẹ́ bí alágbàṣe tí ń san gbèsè, èyí sì dùn mí, nítorí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nínú ìjọ. Kí ó bá olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó jẹ Ara Olúwa, kí ó sì máa san owó náà lọ.

Olùkọ́ Bíbélì
Ní ti àwọn tí ó ti kú, Númérì orí 5 ní kí ẹni tí ó jẹ̀bi jẹ́wọ́, kí ó san ojú owó, kí ó sì fi ìdámárùn-ún lé e. Bí ẹni tí a ṣẹ̀ kò bá ní ìbátan tí yóò gbà á, ti Olúwa ni, a ó sì fi fún àlùfáà. Kí ó wá àwọn ọmọ olóògbé lọ, kí ó sì bá àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà kọ ìwé àdéhùn lórí iye tí yóò máa san lóṣooṣù.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Bàbá Alàgbà, bí opó ọ̀kan nínú wọn bá gba owó, tí ó sì kọ̀ láti dárí jì í ńkọ́?

Bàbá Alàgbà
Ìyà jẹ obìnrin náà, ọmọ mi, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Kí àbúrò yín tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan, kí ó má fi ẹsẹ Bíbélì fipá mú un. Ìdáríjì Ọlọ́run kò dúró de tirẹ̀.