Láti Iquitos dé Manaus lórí omi: òǹtẹ̀, rede àti ohun tó yẹ kí ẹni méjì mọ̀

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gbé àpò kọ́yìn lóṣù kẹfà, láti Iquitos ní Perú wọ Bràsíl lójú omi, títí dé Manaus. Pásípọ́ọ̀tù Bìrìtéènì ni tèmi, tòun ṣì jẹ́ ti Nàìjíríà. Níbo gan-an ni wọ́n ti ń tẹ òǹtẹ̀? Báwo sì ni ọkọ̀ yẹn ṣe rí?

Bàbá Ìbejì, São Paulo
Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, àbúrò. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró ní ẹnubodè yìí. Ìlú mẹ́ta ló forí kora níbẹ̀. Santa Rosa ti Perú wà lórí erékùṣù láàrin odò Amazon. Tabatinga ti Bràsíl àti Leticia ti Kòlómbíà wà létí odò lódìkejì, wọ́n sì so pọ̀ débi pé títì kan náà ló la méjèèjì já. Kò sí géètì, kò sí aṣọ́bodè tó ń béèrè ìwé. Èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti Bràsíl lọ ra búrẹ́dì ní Kòlómbíà kó sì padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń wọ ọkọ̀ Manaus láìní òǹtẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá dé pápákọ̀ òfuurufú láti kúrò ní Bràsíl ni ọ̀rọ̀ á tó di wàhálà.

Tí ẹ bá ti gúnlẹ̀ sí Santa Rosa, ọ́fíìsì Migraciones (àwọn tó ń bójú tó ìwọlé àti ìjáde èèyàn ní Perú) ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó wá ibi sùn. Ibẹ̀ ni Perú ti máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti jáde. Ọkọ̀ Iquitos sábà máa ń dé nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá bá ọ́fíìsì ní títì, ẹ sọdá lọ sùn, kí ẹ padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má fo ìforúkọsílẹ̀ ìjáde yìí láéláé, torí bí ẹ bá dé iwájú ọlọ́pàá Bràsíl láìní i, wọ́n lè ní kí ẹ padà sọdá.

Peque-peque ló ń gbé èèyàn sọdá: ọkọ̀ kékeré tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gùn sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì béèrè bóyá owó orí ni tàbí ti gbogbo ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé Tabatinga lẹ̀ ń lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Leticia ló máa já yín sí.

Láti èbúté Tabatinga, ẹ gun ọ̀kadà lọ sí Polícia Federal (ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Bràsíl, àwọn ló ń tẹ òǹtẹ̀ ìwọlé) ní Avenida da Amizade. Ẹ lọ láàárọ̀, lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹnì kan ò lè gba òǹtẹ̀ fún ẹnì kejì, ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbọ́dọ̀ yọjú. Kí ẹ tó kúrò níwájú kàńtà, ẹ ṣe pàṣípààrọ̀ pásípọ́ọ̀tù, kí kálukú yẹ ti ẹnì kejì wò: ṣé ọjọ́ òní ló wà nínú òǹtẹ̀, ṣé iye ọjọ́ tí wọ́n fún un pé? Ojú ẹni máa ń fo àṣìṣe inú ìwé ara ẹni.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín: físà Perú àti ti Bràsíl gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kúrò ní Leeds. Wọn kì í fún ni ní físà létí odò. Àti pé bí kò bá ní físà Kòlómbíà, Tabatinga ni kó sùn, kó má sùn ní Leticia. Ẹ má jẹ́ kí títì tí kò ní géètì tàn yín.

Ọmọ Ọ̀wọ̀, Houston
Mo fi èyí kún un fún àwa tó ń lo ìwé Amẹ́ríkà: láti 10 oṣù kẹrin 2025 ni Bràsíl ti ń béèrè físà lọ́wọ́ wa. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń gbà á. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, torí kò dájú pé íntánẹ́ẹ̀tì á ṣiṣẹ́ lẹ́bàá odò.

Àǹtí Bísí, Salvador
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀, torí ibẹ̀ lẹ máa gbé. Tabatinga sí Manaus tó nǹkan bí 1,600 kìlómítà lójú omi. Ọkọ̀ ńlá alájà máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ní ìsàlẹ̀ odò. Ẹni tó ń gòkè bọ̀ láti Manaus lè lo ọjọ́ mẹ́fà tàbí méje, torí omi ń tì í. Ọkọ̀ ayára kan wà tó ń lo ohun tó lé ní wákàtí 30, ṣùgbọ́n orí ìjókòó ni ẹ máa wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọkọ̀ ńlá ni mo fara mọ́. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń lọ, ẹ lọ béèrè ní èbúté kí ẹ tó san owó ilé ìtura.

Rede lẹ máa sùn sí, ìyẹn aṣọ gbọọrọ tí wọ́n ń so rọ̀ sábẹ́ òrùlé ọkọ̀. Ẹ rà á ní Tabatinga. Ẹ ra aláṣọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n hun bí àwọ̀n, torí afẹ́fẹ́ òru lórí odò tutù ju bí ẹ ṣe rò lọ. Okùn méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà méjì, torí irin tí wọ́n ń so ó mọ́ lè jìnnà síra. Ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí mélòó kan ṣáájú kí ọkọ̀ tó ṣí. Àwọn ọlọ́pàá á tú ẹrù wò, nítorí náà kí ohun tí ẹ máa lò wà lókè àpò. Kí ẹnì kan sáré lọ so rede méjèèjì, kí ẹnì kejì dúró ti ẹrù. Ẹ yẹra fún ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbẹ́, ilé ìdáná, òkè ẹ́ńjìnnì, àti abẹ́ iná mànàmáná tí kì í kú lóru. Bí ibẹ̀ bá fún, kí orí yín wà níbi tí ẹsẹ̀ aládùúgbò yín wà, kí èjìká má baà máa gbá èjìká.

Ẹ fi ṣéènì àti àgádágodo so àpò mọ́ òpó. Tefé àti Coari, níbi tí èrò púpọ̀ ti ń sọ̀, ni kí ẹ ti la ojú. Pásípọ́ọ̀tù àti owó ò gbọdọ̀ kúrò lára.

Oúnjẹ sábà máa ń wà nínú owó ọkọ̀: ìrẹsì, ẹ̀wà, sùpàgẹ́tì, adìẹ. Farinha á wà lórí tábìlì, ọmọ ìyá gàrí ni, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ le gan-an, ẹ da omi ẹ̀wà lé e kó rọ̀ kí ó má fọ́ yín léyín. Ẹ má mu omi ẹ̀rọ ọkọ̀. Ẹ ra omi tó máa tó lítà mẹ́ta lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó reais ti Bràsíl lẹ máa lò, ẹ mú un dání láti ìlú.

Nọ́ọ̀sì Adùnní, Birmingham
Ẹ gba àjẹsára ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú. Bí ẹ bá ti gbà á rí, láti 2016 ni ìwé rẹ̀ ti wúlò títí ayé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó àtúnṣe lọ́wọ́ yín. Ní ti ibà ẹ̀fọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé ara wa ti mọ̀ ọ́n láti ilé. Agbára tí ara ní sí i máa ń dín kù bí èèyàn bá ti pẹ́ nílùú òyìnbó, irú ibà tó sì wọ́pọ̀ ní Amazon yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà. Ó lè sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ kó tún jí lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Bí ibà bá mú yín lẹ́yìn tí ẹ padà, ẹ sọ fún dókítà pé Amazon lẹ ti ń bọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds
A dúpẹ́ gan-an o. Bí a bá sún un sí oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá ńkọ́?

Bàbá Ìbejì, São Paulo
Oṣù kẹfà dára jù, torí omi ṣì pọ̀ nígbà yẹn. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, odò máa ń fà, yanrìn á yọ, ọkọ̀ ńlá á máa rọra lọ tàbí kó fẹnu gúnlẹ̀. Lọ́dún 2023 àti 2024 ọ̀dá mú un tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìlú etí odò ò fi rí ọkọ̀ gbà. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lọ nígbà yẹn, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣe àlékún kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù Manaus. Aago Manaus sì fi wákàtí kan ṣáájú ti Tabatinga, ẹ ṣí i síwájú.