Ọjọ́ tí a kò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni ní Funchal

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ìtàn ọjọ́ tí ẹ dá rìn lẹ́nu ìrìn àjò, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ wọ ọkọ̀ ojú omi kan tó yí ayé po, tó gbéra ní Southampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù kìíní. Nígbà tí oṣù kẹrin fi ń parí lọ, ojú wa ti rí tó. Ká má purọ́, ó ti sú wa láti máa tẹ̀lé afinimọ̀nà tó na àsíá sókè kiri ìgboro onígboro. Láti Cape Town, omi ṣáá ni. Funchal ní erékùṣù Madeira, tó jẹ́ ti ilẹ̀ Portugal, ni ibi tí a máa yà gbẹ̀yìn kí a tó padà sí Southampton.

Láàárọ̀, bọ́ọ̀sì ti tò sí èbúté fún àwọn tó sanwó ìgbafẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní bá wọn lọ?"

"Kí n bá wọn lọ síbo? Ilẹ̀ tí kò mì ni ẹsẹ̀ mi ń wá."

Bí a ṣe fẹsẹ̀ rìn wọ ìgboro nìyẹn.

Ọjà Mercado dos Lavradores, tí wọ́n ṣí ní 1940, la kọ́kọ́ yà. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja ni ẹ̀gbọ́n mi pẹ́ sí. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní espada: ó dúdú, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹyinjú rẹ̀ tóbi, eyín rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Inú ibú ló ń gbé, okùn gígùn gbọọrọ ni wọ́n fi ń fà á jáde. Ní ilé oúnjẹ, wọ́n dín in, wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lé e lórí. Àwàdà ni mo pè é, àfìgbà tí mo tọ́ ọ wò. A kò jẹ ẹ́ kù.

Lọ́sàn-án, a wọ àpótí onígíláàsì tí wáyà ń fà gòkè lọ sí Monte, àdúgbò kan lórí òkè. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ ni wọ́n sin Karl Kìíní sí, ọba tó jẹ kẹ́yìn ní Austria, tó kú sí erékùṣù náà ní 1922. Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun ń dúró de ẹni tó bá fẹ́ jókòó sínú apẹ̀rẹ̀ kó sì yọ̀ sọ̀kalẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ gidi ni o! Lójú títì tí mọ́tò ń gbà, nǹkan bíi kìlómítà 2, ìsàlẹ̀ bàtà àwọn ọkùnrin méjì tó dì í mú lẹ́yìn ni bíréèkì. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. "Mo la òkun já láìfarapa, inú apẹ̀rẹ̀ ni màá wá kán lẹ́sẹ̀ sí?" Àpótí oníwáyà náà la tún bá sọ̀ kalẹ̀.

Ní òpópónà Avenida Arriaga, níbi tí àwọn igi jacaranda ti ń yọ òdòdó elése àlùkò, a bá àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ wa tí wọ́n jókòó, kálukú pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tún yàrá wa ṣe wà níbẹ̀. Mi ò tètè dá a mọ̀, nítorí kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó yí fóònù sọ́dọ̀ wa kí ọmọ náà lè kí wa. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé ìgbà wo ló máa délé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ tí a bá sọ̀ kalẹ̀ ní Southampton gan-an ni èrò mìíràn máa wọlé, yàrá wa sì gbọ́dọ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó dé. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan la ti ń sọ pé ìrìn àjò ti parí, bí ẹni pé gbogbo ọkọ̀ ló ń lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ra búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní bolo do caco fún un, èyí tí wọ́n fi ànàmọ́ pò, tí wọ́n sì fi bọ́tà aláàyù sí nínú. Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa bá ẹ̀gbọ́n mi jiyàn?

Lálẹ́, àwọn tó bá bọ́ọ̀sì lọ ròyìn Cabo Girão, òkè etí òkun tó ga tó mítà 580, níbi tí wọ́n ti dúró lórí gíláàsì tí wọ́n ń wo ìsàlẹ̀. Wọ́n wá bi wá pé kí ni àwa rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹja àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ bá mi gbé iyọ̀ wá."