Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí ọlọ́dẹ yìnbọn fún olè tó ń sá lọ?

Akọ̀wé Àdúgbò: Ẹ kú ilé o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù wa n'Ìbàdàn níbí. Olè ń fo ògiri lóru, wọ́n ń tú bátìrì inverter lọ. Nípàdé àná, àwọn àgbà ní kí ọlọ́dẹ máa fi ṣakabùlà yìn wọ́n lẹ́sẹ̀ bí wọ́n bá ti ń sá. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, kí n fọwọ́ sí i. Ara mi ò gbà á. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Bọ́láńlé: Kí lo tún ń rò? Wọ́n gbé bátìrì mi méjèèjì, owó alájẹṣẹ́kù tí mo yá rà á, mi ò tíì san án tán. Bá a bá fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, wọ́n á ti jáde lọ́la.

Nọ́ọ̀sì Àdúkẹ́: Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ta ló ń fi ṣakabùlà wá ẹsẹ̀ lókùnkùn? Ọta rẹ̀ máa ń fọ́n ká ni. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá wà nítan. Bó bá já, èèyàn lè kú kí wọ́n tó gbé e dọ́sìbítù.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú: Akọ̀wé, má fọwọ́ sí i! Abala 33 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbà kéèyàn fi agbára dáàbò bo ẹ̀mí tàbí dúkìá, àmọ́ kó má kọjá ohun tó pọn dandan. Olè tó ti kẹ̀yìn sí yín, tí kò mú nǹkan ìjà dání, ewu wo lẹ fẹ́ sọ fún adájọ́ pé ó fẹ́ ṣe yín? Ẹ rántí Aluu ní ìpínlẹ̀ Rivers, oṣù kẹwàá 2012. Wọ́n pe akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lólè, wọ́n lù wọ́n, wọ́n dáná sun wọ́n. Ní 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún èèyàn mẹ́ta, ọlọ́pàá kan wà nínú wọn.

Bàbá Bọ́láńlé: Ti Aluu yàtọ̀. Àwọn yẹn ò jalè.

Ìyá Ìbejì: Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn lẹ́nu wọn lọ́jọ́ náà? Ọmọ mi ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ní ìdájí. Bó bá gbúròó ìbọn, sísá ni yóò sá.

Wẹ́dà Mọ́níyà: Ẹ fi irin ká bátìrì mọ́, kẹ́ ẹ tan iná sẹ́yìnkùlé. (Mi ò polówó o, ẹ lè pe wẹ́dà míì.)

Akọ̀wé Àdúgbò: Mo ti sọ fún alága pé mi ò ní fọwọ́ sí i. Ó ní kí n fipò sílẹ̀ nígbà náà.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú: Kó o tó fi í sílẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé yẹn pé o ò fara mọ́ ọn. Ya fọ́tò ojú ewé náà pa mọ́.