Flounder: olójúkan kọ́, afẹ̀gbẹ́lélẹ̀ ni

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan tó ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja ní Amẹ́ríkà bi wá pé kí ni ká máa pe flounder, irú ẹja òkun pẹlẹbẹ kan, lédè Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n kan ní ká pè é ní "olójúkan", ẹlòmíràn ní "ẹja pẹlẹbẹ". Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìkankan.

Ẹni tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́ là ń pè ní olójúkan. Ojú méjì pé ṣánṣán lara ẹja yìí, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni méjèèjì kàn wà. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, bí ẹja yòókù ló ń lúwẹ̀ẹ́, ojú kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bó ṣe ń dàgbà ni ojú kan ń ṣí díẹ̀díẹ̀ lọ bá èkejì, tí ẹja á wá fi ẹ̀gbẹ́ tí kò lójú sùn sórí iyanrìn. Níbẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà. Ẹja tí wọ́n ń pè ní ray náà pẹlẹbẹ, àmọ́ ikùn lòun fi ń sùn. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá afẹ̀gbẹ́lélẹ̀.

Mo lọ sí Makoko kí n tó kọ èyí. Ìyá ẹlẹ́ja tí mo bá níbẹ̀ ní sóòlù làwọn ń pe tiwọn. Wọ́n gbà kí n tẹ́ ọ̀kan sórí tábìlì, ẹ̀gbẹ́ dúdú lókè, ikùn sọ́dọ̀ mi. Orí rẹ̀ bọ́ sápá òsì mi. Òsì lojú rẹ̀ wà nìyẹn. Irú èyí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Cynoglossus, ìyẹn ahọ́n ajá lédè Gíríìkì, ó sì jọ ahọ́n lóòótọ́. Flounder fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà "ẹja ahọ́n" kò lè bá a mu.

Ọ̀nà orí tábìlì yìí á wúlò fún olùtúmọ̀ wa. Níbi tí òkun ti ya wọlẹ̀ lágbègbè New York, ojú summer flounder wà lósì, ti winter flounder wà lọ́tùn-ún. "Olójú-òsì" ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sábẹ́ s lórí fóònù, òǹkàwé á kà á sí òṣì. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ ní olójú-ọwọ́-òsì àti olójú-ọwọ́-ọ̀tún.

Ní Florida ni ọ̀rọ̀ ti le. Òsì lojú gulf flounder àti southern flounder wà, ọwọ́ kò wá lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Gulf flounder ní àmì dúdú mẹ́ta tó to bí igun mẹ́ta, òrùka tó mọ́ sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Southern flounder lè ní àmì tirẹ̀, àmọ́ kò ní òrùka. Ẹni tó bá pè é ní "aláìlámì" á ṣi apẹja lọ́nà. Olórùka-mẹ́ta àti aláìlórùka ni mo fọwọ́ sí.

Ó ku ọ̀kan, irú ẹja afẹ̀gbẹ́lélẹ̀ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Psettodes, tó wà nínú òkun wa níhìn-ín. Òmíràn lójú lọ́tùn-ún, òmíràn lósì, ẹja kan náà ni. Fún òun, afẹ̀gbẹ́lélẹ̀ lásán ni kí ẹ kọ, kí ẹ má fi ọwọ́ kankan kún un.