Ráútà méjì nínú ilé kan: port tí mo ṣí kò dé ìta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa nẹ́tíwọ̀kì, ẹ bá mi dá sí i. Ráútà ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló wà níwájú, mo sì so tèmi mọ́ ọn lẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ máa wọlé sí, 192.168.0.20, wà lẹ́yìn ráútà kejì. Mo ti ṣí port 8080 (ẹnu ọ̀nà onínọ́ńbà tí ìsopọ̀ ń gbà wọlé) sí i níbẹ̀. Nínú ilé ó ń ṣiṣẹ́, láti ìta kò dáhùn rárá.

Ṣé kí n tún ṣí i lórí ti iwájú, kó dojú kọ àdírẹ́sì WAN (ti ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìta) ráútà mi, àbí kí n sọ ti iwájú di bridge, kó kàn máa gbé íntánẹ́ẹ̀tì kọjá sí tèmi láì ṣe iṣẹ́ ráútà? Bridge ló wù mí, àmọ́ ara ráútà iwájú yẹn ni fóònù ilé wà.

Àdírẹ́sì WAN ti iwájú sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100.72. Ṣé kì í ṣe CGNAT (kí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì ìta kan náà) nìyẹn báyìí?